Igi Ẹ̀yìnkùlé, Kánáàlì Àdúgbò àti Owó Iná Wa

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú dáńfó ní Aswani ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí í ṣe ọjọ́ ọjà, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, ẹ wo ibi tí àwọn ènìyàn kó ara wọn jọ sí. Kì í ṣe iwájú ìsọ̀ tí ọjà ti dínwó jù. Abẹ́ àwọn agbòòrùn ńlá ni, àti ẹ̀gbẹ́ ògiri tí òjìji rẹ̀ ṣì kù, àti abẹ́ igi, níbi tí igi bá wà. Oníṣòwò tí ó bá rí abẹ́ igi jókòó sí kì í kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀, nítorí ó mọ̀ pé oníbàárà a máa dúró pẹ́ níbi tí ara bá ti tù ú. Ọjà mọ iye tí òjìji tó. Ilé wa ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí a ń dé fún ìbẹ̀wò ní Aswani, Ìsọlọ̀ àti Òkè-Àfá, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó tètè ń jáde lẹ́nu àwọn òbí bí ọ̀rọ̀ owó iná. Kò yani lẹ́nu. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó tí a fi ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ ti di ìlọ́po-ìlọ́po. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tí ó wà ní Band A láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225. Ó rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì wà ní nǹkan bíi 209 ní oṣù keje ọdún kan náà. Ẹni tí ó wà ní Band A ń sunkún owó, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ń sunkún òkùnkùn.

A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ìjọba ṣe tàbí tí kò ṣe. Ìbéèrè tiwa kéré ju ìyẹn lọ: kí ni iná tí à ń rà yìí ń bá wa ṣe nínú ilé? Gílóòbù òde òní kò jẹ iná púpọ̀ mọ́. Fóònù kò jẹ ẹ́. Ohun tí ń jẹ ẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé ni àwọn nǹkan tí a fi ń bá ooru jà: fáànù tí ń yí tọ̀sán-tòru, fìríìjì tí ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn nínú ilé ìdáná tí ó gbóná bí ààrò, àti ẹ̀rọ amúlétutù fún ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe é fún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Fáànù òkè àjà kan ń lo nǹkan bíi wáàtì 70. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 lóru, ohun tí ó jẹ lé díẹ̀ ní ìdajì yúníìtì. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré lè lo 900 wáàtì. Fún wákàtí 8 kan náà, ó ju yúníìtì 7 lọ. Ní náírà 209 fún yúníìtì kan, ti fáànù jẹ́ nǹkan bíi náírà 117 ní òru kan, ti ẹ̀rọ amúlétutù sì tó 1,500. Ní oṣù kan, èkíní jẹ́ nǹkan bíi 3,500, èkejì jẹ́ 45,000. Bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000. Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà máa ń sinmi bí yàrá bá ti tutù, owó náà a sì dín. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí oòrùn ti ń yan páànù òrùlé rẹ̀ láti àárọ̀, ìgbà wo ni yóò rí ààyè sinmi?

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ igi àti omi ti wọlé.

ÀMÙ ÌYÁ ÀGBÀ

Àwọn àgbà inú wa yóò rántí àmù tí ó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ìyá àgbà. Kò sí iná NEPA nínú rẹ̀, kò sí yìnyín, síbẹ̀ omi rẹ̀ tutù dé eyín. Kí ló fà á? Amọ̀ tí wọ́n fi mọ àmù máa ń jẹ́ kí omi díẹ̀ yọ sí ara rẹ̀ lóde. Bí omi yẹn ti ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ooru lọ, èyí tí ó kù nínú àmù a sì tutù. Òógùn ara wa ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn díẹ̀ fi ń tù wá lára tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ti làágùn.

Igi ni àmù tí Ọlọ́run gbé sí ìta. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi láti inú ilẹ̀, ewé rẹ̀ a sì máa mí omi náà jáde ní gbogbo ìgbà tí oòrùn bá ń ràn. Líta omi kan, ìyẹn ọ̀rá pure water méjì, bí ó bá gbẹ tán lára ewé, ooru tí ó gbé lọ tó iná tí fáànù wáàtì 70 yóò lò fún wákàtí 9 sí 10. Igi mángòrò tí ó ti dàgbà sì ń mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ líta jáde láàárín ọjọ́ kan. Ojú odò tí ó mọ́, tí ó sì ṣí sílẹ̀, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́sàn-án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kì í tètè dá ooru rẹ̀ sílẹ̀ lóru.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ níbí o. Afẹ́fẹ́ Èkó ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, nítorí òkun àti ọ̀sà tí ó yí wa ká. Aṣọ tí a bá sá ní Kano nígbà ọyẹ́ a gbẹ kí a tó yíjú; ti Ìsọlọ̀ nígbà òjò lè máa rin títí di ọjọ́ kejì. Bí aṣọ kò ti tètè gbẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni omi ara ewé kò ní tètè gbẹ. Nítorí náà, ní ilẹ̀ tiwa, òjìji ni a fi ń jẹ èrè igi jù.

Oòrùn Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gba òkè orí wa kọjá tààrà. Òrùlé ló ń gbà á jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ògiri tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn ní àárọ̀, àti èyí tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní ọ̀sán. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí ó bá ti ń fa oòrùn mu láti aago 1 ọ̀sán títí di aago 6 kì í dá ooru náà padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó di alẹ́ kí ó tó máa tú u sínú yàrá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn lọ sùn sórí símẹ́ǹtì ní oṣù kẹta, nígbà tí ìta ti tutù díẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé à ń ṣàsọdùn, kí ó fi ọwọ́ kan ògiri ìwọ̀-oòrùn ilé rẹ̀ ní aago 8 alẹ́, kí ó sì lọ fi ọwọ́ kan èyí tí igi bò lọ́wọ́ oòrùn ní ilé aládùúgbò rẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ IBÒMÍRÀN

Ní ìlú Sacramento ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kan gbé igi sí ẹ̀gbẹ́ ilé méjì kí wọ́n lè wo ohun tí òjìji yóò ṣe sí iná tí wọ́n ń lò. Àbájáde tí Hashem Akbari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1997 fi hàn pé iná tí ilé náà ń lò fún ìtutù dín ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi yúníìtì 4 lójúmọ́. Afẹ́fẹ́ Sacramento gbẹ ju ti Èkó lọ, ilé wọn kò sì rí bí tiwa, nítorí náà a kò lè gbé iye yẹn wá sí Aswani bí ó ti rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe é, òjìji lára ògiri àti lára òrùlé, kò ní orílẹ̀-èdè.

Ní Yunifásítì Bangor ní Wales, Diana Bowler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí láti ìlú púpọ̀ jọ ní ọdún 2010. Wọ́n rí i pé ọgbà ìgbafẹ́ inú ìlú máa ń tutù ju àyíká rẹ̀ lọ ní ọ̀sán pẹ̀lú nǹkan bíi dígírì kan. Ẹnìkan lè ní, dígírì kan péré! Ẹni tí ó bá ti dín nọ́ńbà ara rìmóòtù ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ láti 25 sí 24, tí ó sì san owó rẹ̀, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn aṣètò ìlú kò gbọdọ̀ gbàgbé: ìtutù ọgbà kì í rìn jìnnà. Àwọn ilé tí ó sún mọ́ ọn ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọgbà Ndubuisi Kanu tí ó wà ní Aláúsá dára púpọ̀, a sì dúpẹ́ fún un, ṣùgbọ́n kò lè tu yàrá ẹni tí ń gbé ní Aswani lára.

Ti Seoul, olú ìlú Kòríà Gúúsù, ni ó wú wa lórí jù, nítorí omi ni. Odò kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Cheonggyecheon. Ó ti di odò ìdọ̀tí, wọ́n bá fi kọnkéré bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbé afárá ọkọ̀ lé e lórí. Láàárín ọdún 2003 sí 2005, ìjọba ìlú náà wó afárá yẹn, wọ́n ṣí odò náà, wọ́n sì gbin igi àti ewéko sí etí rẹ̀ fún nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n wọn ooru ní etí odò náà, ó fi dígírì 3 sí 6 tutù ju òpópónà tí kò jìnnà sí i lọ. Odò tí wọ́n ti rò pé wọ́n ti sin!

KÁNÁÀLÌ TÍ Ó MÚ WA TI FÈRÈSÉ

Omi kò wọ́n wa. Nǹkan bíi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ìpínlẹ̀ Èkó ni ó jẹ́ omi, kánáàlì sì gba àárín agbègbè Ìsọlọ̀ àti Òkè-Àfá kọjá. Ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ará àdúgbò wa láti fi ojú ìtura wo kánáàlì. Ẹni tí ó wà níhìn-ín ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ohun ìjà olóró bú gbàmù nínú bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà, àwọn ènìyàn sá sínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ìyá àti ọmọdé, sì kó sínú kánáàlì Òkè-Àfá, wọ́n kú síbẹ̀. Ewéko ti bo ojú omi tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi hàn pé omi ni. A kò sọ èyí láti tún ọgbẹ́ ya. Omi tí a kò bójú tó ni à ń sọ, àti ohun tí ó lè gbà lọ́wọ́ wa.

Èyí tí ó ń gbà lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́ kò hàn tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ń gbà á. Láàárín ilé tí ó fún mọ́ra wọn, ojú kánáàlì jẹ́ ọ̀nà kan tí atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti ìhà òkun lè gbà wọlé láìsí ògiri tí yóò dá a dúró. Ó yẹ kí ilé etí kánáàlì jẹ́ ilé tí ó tutù jù ní àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo àwọn ilé náà: fèrèsé tí ó kọjú sí omi ni wọ́n ń tì jù. Òórùn kò jẹ́ kí wọ́n ṣí i lọ́sàn-án, ẹ̀fọn kò jẹ́ kí wọ́n ṣí i ní ìrọ̀lẹ́. Ilé tí Ọlọ́run fún ní fáànù ọ̀fẹ́ wá di ilé tí ń ra atẹ́gùn. Bí kò bá sì sí iná, jẹnẹrétọ̀ kékeré yóò máa pariwo lẹ́yìnkùlé, èéfín rẹ̀ yóò sì máa wá ihò tí yóò gbà wọ inú yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láéláé. Èéfín yẹn ń pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun.

Nígbà náà, ọ̀rá pure water tí ọmọ wa jù sí gọ́tà iwájú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó nìkan. Òjò yóò gbé e dé kánáàlì, yóò dí omi, omi tí ó dúró yóò pa ẹ̀fọn, ẹ̀fọn yóò ti fèrèsé wa, fèrèsé tí a tì yóò tan fáànù. A ti ń sanwó ọ̀rá náà lẹ́ẹ̀kejì, lórí mítà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ẹni tí ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀bá kánáàlì níbi tí òfin ní kí a fi sílẹ̀. Ìjọba ń wó irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí ìkún omi, ó sì ń dun ẹni tí wọ́n wó tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé náà ti dí ojú atẹ́gùn fún ogún ìdílé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

“ÀJẸ́ Ń ṢÈPÀDÉ LÓRÍ RẸ̀”

Àwọn baba wa mọ ohun tí igi jẹ́ fún ilé. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní àyíká wa: Ìdí-Òro, Ìdí-Àràbà, Ìdí-Mángòrò. Orúkọ igi ni wọ́n fi ń júwe ibi tí ènìyàn ń gbé. Iwájú ààfin àti àárín ọjà kò ṣàì ní odán kan tí àgbà ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ láti dá ẹjọ́. Lónìí, a ń kọjá ní Ìdí-Àràbà nínú ọkọ̀, kọ́ńdọ́tọ̀ ń pe orúkọ náà, ṣùgbọ́n ta ni ó ń wo òkè wá àràbà?

Ìdí tí a fi ń gé igi pọ̀. Onílé fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé, èyí yé wa, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kò dúró. Òmíràn ní ewé ń dí gọ́tà òun, tàbí pé ejò lè wà níbẹ̀, tàbí pé gbòǹgbò ń la ògiri. Òótọ́ wà nínú wọn. Ìgbà mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ẹnìkan ṣàìsàn nínú ilé, wọ́n bá ní igi fúrúùtù inú ọgbà ni àwọn àjẹ́ ti ń ṣèpàdé, wọ́n pe oníṣẹ́ àáké wá. Kò sì yẹ kí a fi bò pé láti orí pẹpẹ ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jáde nígbà mìíràn.

A gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń gba ènìyàn lọ́wọ́ agbára òkùnkùn, a sì ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi fúrúùtù kò lẹ́ṣẹ̀. Abẹ́ igi Mámúrè ni Ábúráhámù jókòó sí nígbà tí oòrùn mú, ibẹ̀ ni ó ti gba àwọn àlejò Ọlọ́run lálejò. Nínú ìwé Diutarónómì orí 20, Ọlọ́run kò gbà kí ọmọ ogun Ísírẹ́lì gé igi eléso ìlú tí wọ́n gbógun tì, tí ó jẹ́ ìlú ọ̀tá! Kí ó tó di pé a gé igi inú ọgbà tiwa, ó yẹ kí a ní ìdí tí ó ju àlá aládùúgbò lọ.

Ohun kan tún wà tí ó ń dùn wá. Bí ẹ bá gba Ìkòyí tàbí GRA Ìkẹjà kọjá, ẹ óò rí àwọn igi ńlá tí ó ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Àwọn tí ó lè san owó ẹ̀rọ amúlétutù ni igi ń ṣíji bò. Ní ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ní àdúgbò wa, tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn nínú yàrá kan, tí fáànù kan ń yí bí iná bá wà, gbogbo ilẹ̀ ọgbà ni wọ́n fi kọnkéré bò títí dé ìdí ògiri, tí ewéko kò rí ibi hù. Ẹni tí ó nílò òjìji jù ni kò ní in. Ayálégbé kò sì lè gbin igi sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Onílé ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn.

BÍ A ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

Ìjọba ní ipa tirẹ̀. Láti ọdún 2008 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù keje sọ́tọ̀ fún gbígbin igi, wọ́n sì dá àjọ LASPARK sílẹ̀ ní ọdún 2011 láti máa bójú tó ọgbà àti igi. Ní ọdún 2009 tí ìjọba Fásọlá kó àwọn ọlọ́jà kúrò ní ojú títì Oṣòdì, wọ́n gbin koríko àti òdòdó sí apá kan ibẹ̀. Ó dùn-ún wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ àwọn tí omijé wọn wà lábẹ́ koríko náà. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ní òpópónà kọ̀ọ̀kan lè kọ̀wé sí irú àjọ bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n wá gbin igi sí etí títì àti sí etí kánáàlì, kí ẹgbẹ́ náà sì gbà láti máa bomi rin ín. Kí àwọn ìjọ tí ó ní ilẹ̀ ńlá pẹ̀lú má ṣe fi kọnkéré bo gbogbo rẹ̀ tán nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Fún ilé, ẹ fi apá kan ọgbà sílẹ̀ láìfi kọnkéré bò ó, ó kéré tán ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ẹ má gbin mángòrò tàbí fúrúùtù mọ́ ìdí ògiri tàbí mọ́ ìdí ṣalángá; kí ó fi nǹkan bíi ìgbésẹ̀ mẹ́wàá jìnnà, bí ilẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀, kí ó má sì sí lábẹ́ wáyà iná. Bí ilẹ̀ kò bá tó, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní gbòǹgbò tí ń la ògiri, wọn kì í sì í pẹ́ dàgbà. Ayálégbé lè gbin elégédé sínú ike ńlá, kí ó fi okùn fà á gun iwájú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé kí ẹ lè máa ṣí i lóru. Ẹ gbé fìríìjì kúrò lára ògiri tí oòrùn ń yan.

Oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni ó dára jù láti gbin igi ní ilẹ̀ wa, nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀. Ohun tí ń pa ọ̀pọ̀ igi tí a gbìn ni ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé rẹ̀. Kò pọn dandan kí a ra omi fún un. Kí á yan ọmọ kan nínú ilé tí yóò máa gbé omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ lọ sí ìdí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.